Ẹni Tó Gún Òòlù Píánò Ìyá Mi

Ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní atúnpíánòṣe yẹn kì í dáhùn ìbéèrè láìkọ́kọ́ dijú bíi wòlíì. Láti Àpápá ni mo ti wá a dé Ajégúnlẹ̀, torí ohùn píánò ìyá mi olóògbé ti le jù, ó fẹ́ ẹni tí yóò fi abẹ́rẹ́ rọra gún irun àgùntàn tó bo àwọn òòlù inú rẹ̀ kó lè rọ̀.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti ṣe é rí?"

Ó dijú. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Òyìnbó ló kọ́ mi."

Ló bá yọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ìrẹsì. Kí n tó pariwo, ó ti fa òòlù mẹ́ta ya. Mo ní kó jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n ya òun níwájú píánò náà, kí àwọn oníbàárà òun lè rí iṣẹ́ ọwọ́ òun.