Rufus Olórúwọ, Ẹni Tí Kò Gba "A Dúpẹ́"

Ọjọ́ tí gbogbo Ọ̀wọ̀ mọ Rufus Olórúwọ ni ọjọ́ Àìkú kan tí Ìyá Fúnmiọlá, ìyá arúgbó tó ń ta aṣọ òkè, dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ, tó gba máìkì lọ́wọ́ katikíìsì, tó ní òun fẹ́ jẹ́rìí. Ó ní ojú òun ti ń ṣú fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun ti mu omi òrúwọ tí Bàbá Rufus fún òun, òun ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra òun. Ìjọ hó yèè. Àwọn tó wà níwájú ń bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń wá Bàbá Rufus kí wọ́n lè juwọ́ sí i.

Bàbá Rufus dìde. Margaret, ìyàwó rẹ̀, fà á láṣọ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n aṣọ ló wá, ọkùnrin náà kò wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ló wí. Kò béèrè máìkì, nítorí ohùn tó fi ń lé àwọn tó ń jí igi gé nínú igbó ìjọba ṣì wà lọ́fun rẹ̀. "Èmi kò fún yín ní nǹkan kan fún ojú. Ibà ni ẹ ní ó ń ṣe yín. Ibà náà ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Bàbá."

"Mi ò ní kí ẹ dúpẹ́. Mo ní, ṣé ó lọ ni àbí kò lọ?"

"Ti ojú ni mò ń sọ, Bàbá."

"Òrúwọ kì í ṣe oògùn ojú. Kí lẹ tún lò?"

Ìyá Fúnmiọlá wo katikíìsì. Ó wo àjà. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́, sínú máìkì tí kò rántí gbé kúrò lẹ́nu, pé ọmọ òun tó wà ní Àkúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra awò ojú tuntun fún òun ni.

"Ẹ jókòó," ni Bàbá Rufus wí. "Kí ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ awò."

Ọ̀wọ̀ ti rí ẹni tó ń jà nítorí pé wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò tíì rí ẹni tó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti jà nítorí pé wọ́n dúpẹ́. Margaret ṣáájú rẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà, kò bojú wẹ̀yìn, bí ẹni tí òun àti ọkùnrin yẹn kàn jọ ń gba ọ̀nà kan náà.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba ni Rufus, ní apá Ọ̀sẹ́ lọ́hùn-ún, láti Imoru títí dé Arimogija, kó tó fẹ̀yìn tì padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Igi òrúwọ kan wà lẹ́yìn ilé náà tó dàgbà ju ilé lọ. Láàárọ̀, á já ewé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀jẹ̀lẹ́, kì í sì í ṣe èyí tó ti pọ́n. Á fọ̀ ọ́, á fún un sínú omi tútù nínú abọ́ tánganran, á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Omi náà á dúdú, á hó, á sì korò débi pé ẹni tó mu ún á kọ́kọ́ dákẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti òkèèrè.

Àwọn kan máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi oyin díẹ̀ sí i.

"Bí mo bá fi oyin sí i tí ara yín yá," á ní, "ta ni kí n kí, oyin ni àbí òrúwọ?"

Kò ta á. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá mu ún ni pé kí olúwarẹ̀ padà wá lọ́jọ́ kejì, kí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi náà, kí ó sì dáhùn ìbéèrè. Ìgbà wo ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná? Ṣé orí ló kọ́kọ́ fọ́ ni àbí oríkèé ló kọ́kọ́ ro? Ṣé ó làágùn? Ṣé ó jẹun? Kí ló jẹ, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀ àbí kò dùn? Ìtọ̀ ńkọ́, báwo ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá fẹ́ kí ó kúkú máa gba owó.

Ẹni tí kò bá padà wá, Rufus á wá a lọ. Ó bá ọkùnrin kan dé iwájú onígbàjámọ̀, ó dúró tì í títí wọ́n fi fá ìdajì orí rẹ̀ tí kò lè sá mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tò láti gba oúnjẹ Olúwa, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí katikíìsì Akínjídé létí, pẹ̀lú ohùn tó rò pé ó lọ sílẹ̀: "Katikíìsì, ṣé ìgbẹ́ gbuuru yẹn ti dá?" Títí dòní, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kò lè kọ orin oúnjẹ Olúwa láìwolẹ̀ kí wọ́n má baà bú sẹ́rìn-ín.

Wàhálà rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí wọ́n bá ń gbé ènìyàn kọjá lórí ibùsùn, tí àgbàlagbà bá bi í pé báwo lara, á gbórí sókè díẹ̀, á ní a dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tó bá wá fún ọ ní nǹkan mu, tó tún dàgbà jù ọ́ lọ, tó wá béèrè bóyá ó ṣiṣẹ́, ta ni kò ní sọ pé ó ṣiṣẹ́?

"'A dúpẹ́' kì í ṣe èsì," Rufus á pariwo, wọn á sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ ṣeun, Bàbá. A dúpẹ́."

Ìgbà kan wà tó pinnu láti dán wọn wò. Ó fún ewúro sínú ìgò kan, ó fún òrúwọ sínú ìkejì, ó sì ń pín in láìsọ èyí tó jẹ́ èwo. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, gbogbo wọn ló ní ó ṣiṣẹ́. Katikíìsì Akínjídé, tó mu ewúro, ní tọ̀tẹ̀ yìí tiẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ti ìṣáájú lọ, ó ní àṣé Bàbá ti ń fi nǹkan pa mọ́ látẹ̀yìn wá.

Rufus wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, kò bọ́ fìlà.

"Ìyá Moyin, ewúro ti ń wo ibà o."

"Bóyá ó ń wò ó lóòótọ́," ni Margaret wí.

"Bóyá. Tàbí kí ibà náà ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Tàbí kí ó má tiẹ̀ jẹ́ ibà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?" Ó ṣẹ́jú. "Katikíìsì ní kí n bá òun fún sí i."

Margaret nìkan ló mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi jẹ́ eré lójú ọkọ rẹ̀. Rufus ní àbúrò obìnrin kan, Ọmọ́lẹ́yẹ, nígbà èwe rẹ̀, tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ wà ní oko Imoru. Ibà mú ọmọ náà. Ìyá wọn fún òrúwọ fún un. Láàárọ̀, àwọn ará oko yà wá kí i, wọ́n bi í pé báwo ni, ọmọ náà sì kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "A dúpẹ́, ẹ ṣeun." Wọ́n yìn ín. Wọ́n ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀, wọ́n lọ sídìí iṣu wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé, Ọmọ́lẹ́yẹ ti lọ.

Rufus kò mọ̀ títí bóyá òrúwọ ni kò ṣiṣẹ́, tàbí nǹkan mìíràn ló yẹ kí wọ́n fún un, tàbí pé ọmọ náà ì bá yè ká ní ẹnì kan jókòó tì í, tó sì tún un bi. Ìbéèrè tí wọn kò bi ọmọ yẹn ló ń bi gbogbo Ọ̀wọ̀.

Ó sì rí ẹnì kan tó dá a lóhùn. Àbùbákàr, ọlọ́kadà tó máa ń dúró sí oríta wọn, wá gba òrúwọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Báwo ni?"

"A dúpẹ́, Bàbá."

"Wàá tún un sọ. Ìtọ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Màmá wà níbẹ̀ yẹn."

"Màmá ti gbọ́ nípa ìtọ̀ gbogbo àdúgbò yìí. Àwọ̀ wo?"

Àbùbákàr wolẹ̀. "Ó dà bí tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí."

Rufus dìde, ó ti mú ọ̀pá rẹ̀. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrúwọ mọ́ nìyẹn. Ọsibítù, báyìí."

Kò sí ọlọ́kadà mìíràn ní oríta, bàbá náà kò sì mọ alùpùpù wà. Nítorí náà, aláìsàn ló gbé ẹni tó ń gbé e lọ sí ọsibítù. Margaret dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ lójú títì: "Ṣé ojú rẹ ń ṣú? Ṣé ojú rẹ ń ṣú báyìí? Àbùbákàr, rọra, dá mi lóhùn!" Àwọn dókítà dá ọmọkùnrin náà dúró, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì yè. Nígbà tó wá dúpẹ́, Rufus ní kí ó jókòó, kí ó ṣàlàyé.

Margaret fúnra rẹ̀ kì í mu òrúwọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló mu ún, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Arimogija. Rufus bi í pé báwo ni. Ó ní, "Ẹnu mi ti kú. Inú mi ń rú. Ibà náà ṣì wà níbi tó wà. Mo sì kórìíra yín díẹ̀." Rufus rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti rí ẹni tí òun ń wá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í láàárọ̀, ó ń bi í lálẹ́, ó ń jí i lójú oorun láti bi í bóyá ó ń sùn dáadáa, títí Margaret fi búra pé òun kò ní fẹnu kàn án mọ́ láyé òun.

Ó pa ìbúra náà mọ́. Bó bá ti sín, Rufus á gbé ife òrúwọ ka orí tábìlì. Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Margaret á dà á sí ìdí ìbẹ́pẹ. Rufus mọ̀. Ó máa ń lọ wo ìbẹ́pẹ náà, á yí i po, á fọwọ́ kan ewé rẹ̀, á ní ó kéré tán, ìyẹn kò sọ fún òun pé a dúpẹ́.

Bí ẹ bá bi í ohun tó wá rí nídìí òrúwọ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò ju èyí lọ: pé ó ń mú kí àwọn kan làágùn; pé oúnjẹ máa ń wu àwọn kan jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá mu ún; pé ara àwọn kan máa ń fúyẹ́ díẹ̀, àwọn kan kò sì rí nǹkan kan; pé kò kan ojú; àti pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọsibítù ni kí ó lọ. "Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn," á ní. "Ìyókù, wọ́n ń kí mi ni."

Lọ́dún tó kọjá, bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, àìsàn ọkàn ló mú un, kì í ṣe ibà. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Ibtisam, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe pé ó dúró lórí ẹsẹ̀ bi í pé báwo lara. Rufus bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nígbà tó fi dé orúnkún, Ibtisam ti lọ gbé àga wá. Láti ọjọ́ náà, ó ń gbé àga dání bọ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Margaret gbé ògì wá. Ó rò ó, ó fẹ́ ẹ, ó gbé ṣíbí sókè.

"Báwo ni, Bàbá Moyin?"

Rufus wò ó pẹ́. Ó wo ọwọ́ tó di ṣíbí mú, ó wo ojú rẹ̀ tí kò tíì sùn.

"A dúpẹ́," ló wí.

Ṣíbí náà dúró sójú kan.

"'A dúpẹ́' kì í ṣe èsì."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Ìyá Moyin. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bi mí."

Ó la ẹnu fún ògì. Ó gbé díẹ̀ mì, ó ní ó dùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a.

Ìgbà náà ló tó yé Margaret ohun tí ọmọbìnrin Imoru yẹn ń ṣe nígbà tó kúnlẹ̀ lórí ẹní: ọkàn àwọn tó wá kí i ló fẹ́ kí ó balẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wá kí i kú ọ̀fọ̀, wọ́n ń bi í pé, "Màmá, báwo lara?" Ó ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́. Inú wọn ń dùn, wọ́n sì ń lọ.

Òjò ọdún yìí dé, ibà mú un. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n fún un ní oògùn, ó lò ó. Lẹ́yìn náà, láìsẹ́ni tó rán an, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó já ewé òrúwọ, kì í ṣe ọ̀jẹ̀lẹ́, kì í sì í ṣe èyí tó ti pọ́n, ó fún un, ó sẹ́ ẹ, ó mu ún tán. Bàbá Rufus ì bá bínú: ọsibítù lápá kan, òrúwọ lápá kan, ta ni yóò wá mọ èyí tó ṣe é?

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà nígbà tí Àbùbákàr dúró lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ọ̀kadà ṣì ń dún.

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Báwo lara?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wo òkè, sínú ewé igi náà.

"Pa ọ̀kadà yẹn, Àbùbákàr. Wá jókòó."

Àbùbákàr wo bẹ́ǹṣì náà bí ẹni tó rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó pa ọ̀kadà, ó wá, ó sì jókòó.

"Orí ló kọ́kọ́ fọ́ mi," ni Margaret bẹ̀rẹ̀. "Kì í ṣe iwájú orí o, ẹ̀yìn ni. Lẹ́yìn náà ni orúnkún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ẹnu mi korò, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ti ibà ni àbí ti òrúwọ. Mi ò sùn dáadáa. Ilé yẹn ti tóbi jù fún mi. Mo jẹ ẹ̀bà díẹ̀ lánàá, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, ó yà mí lẹ́nu pé ó dùn."

Àbùbákàr ń fetí sí i, ó ń mi orí. Nígbà tí Màmá sọ tán, ọmọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ìtọ̀ yín ńkọ́?"

Margaret rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dá a lóhùn.