Kásẹ́ẹ̀tì Tí À Ń Kúnlẹ̀ Fún

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ohùn ni a fi ń kọ lẹ́tà nílé wa ní Ogida, ní Benin. Ìyá ìyá mi, tí à ń pè ní Màmá Ẹdẹ, kò mọ̀wé kà, kò sì fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa ka ọ̀rọ̀ ilé òun sí òun létí. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Benin àti Ẹdẹ, lọ́wọ́ awakọ̀ tó máa ń kó ẹrù ìyá mi wá sí ọjà New Benin. Bí Màmá Ẹdẹ bá ti gbọ́ tiwa tán, orí ohùn wa náà ni yóò gba tirẹ̀ sí, yóò sì dá a padà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ fojú inú wò ó: ìdáhùn ló ń pa ìbéèrè rẹ́.

Ẹ ò bá rí wa lọ́jọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì bá dé! Ìyá mi á gbé rẹ́kọ́dà sórí tábìlì, á ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀. Bàbá mi á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ tètè o, kí bátìrì má lọ bá yín ní ìdúró." Ṣùgbọ́n bí ohùn ìyá ìyàwó rẹ̀ bá ti jáde, òun alára á tẹrí ba. Màmá Ẹdẹ kò gbà pé ẹ̀rọ lòun ń bá sọ̀rọ̀. Á béèrè pé, "Ṣé ara yín le?" á wá dákẹ́, kí a lè ráyè dáhùn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ óò máa gbọ́ àkùkọ, ẹ óò máa gbọ́ odó ẹni tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Àwa á ní, "A dúpẹ́, mà." Òun á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó sì máa ń bọ́ sí àkókò gẹ́lẹ́!

Àdúrà ló fi ń parí rẹ̀ nígbà gbogbo: "Ọ̀nà tí ẹ gbà lọ, òun náà lẹ ó gbà bọ̀ wálé." Àmín wa á sì mi ilé tìtì.

Ní ọdún kan, kí ìyá mi tó ráyè gba ìdáhùn wa sílẹ̀, awakọ̀ yẹn dé láìkó ẹrù kankan. Màmá Ẹdẹ ti lọ. Àìtètè dáhùn wa ni kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ìkẹyìn pa rẹ́. Ìyá mi ń gbọ́ ọ tàárọ̀ tirọ̀lẹ́, títí rẹ́kọ́dà wa tó ti darúgbó fi jẹ ẹ́. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì rí pẹlẹbẹ, ó sì fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ. Bí rọ́bà tó ń fà á bá ti yọ̀, á wé mọ́ irin inú ẹ̀rọ bí irun ṣe ń wé mọ́ òòyà. Nígbà tí a fi máa yọ ọ́, ó ti rún, ó sì ti já.

Ìyá mi gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní New Benin. Ọkùnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Madam, this one don die. Go buy another one."

"Ṣé ẹ tún ń ta ìyá níbí ni?" ni ìyá mi fi Yorùbá dá a lóhùn. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó délé, mo ní kó fún mi kí n tún un ṣe. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ tó o tú aago bàbá rẹ, tó wá di pé ìgbà tó bá wu aago ló ń rìn?"

Òótọ́ kúkú ni. Ohunkóhun tó bá ti ní nọ́ọ̀tì lára, mo fẹ́ mọ inú rẹ̀. Bàbá mi ló gbà mí sílẹ̀: "Jẹ́ kó wò ó. Ohun tí wọ́n ní ó ti kú, ta ló tún fẹ́ pa á?"

Mo kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì orin kan tó ti bàjẹ́ dánra wò. Lẹ́yìn náà ni mo tú ti Màmá Ẹdẹ. Nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ márùn-ún ló dè é. Nínú rẹ̀, ìrọ̀rí kékeré kan wà lórí bàbà tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló ń ti téèpù mọ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń kà á. Ìyá mi dúró tì mí, ó ń mí sí mi lọ́rùn. Mo fi abẹ fẹ́lẹ́ gé ibi tó rún kúrò, mo fi ègé téèpù tí kò ní ohùn, tí mo yọ nínú kásẹ́ẹ̀tì orin yẹn, dí àyè rẹ̀, mo fi orí kan orí, mo sì lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ẹ̀yìn tó kọjú sínú, nítorí ojú tó kọjú síta ni ohùn wà. Èyí tí mo gé dànù kò gùn tó ìka ìfábẹ̀lá mi.

A kúnlẹ̀. Ohùn náà jáde, ó kí wa, ó dákẹ́, a dáhùn. Ó wá kan àdúrà: "Ọ̀nà tí ẹ gbà lọ..." Kẹ́! "...lẹ ó gbà bọ̀ wálé."

Ọ̀rọ̀ méjì ti bá ibi tí mo gé lọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Òun náà," bí ẹni tó ń gbe orin lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín sì jọ gba ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà, bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti dún kẹ́, ìyá mi á dí àlàfo náà. Nígbà tí ó sì lọ bá ìyá rẹ̀, ó di iṣẹ́ tèmi.

Ẹ tiẹ̀ rò ó wò: eruku irin tó dípẹtà ni wọ́n fi ra téèpù lára, eruku yẹn ló sì di ohùn èèyàn mú lẹ́yìn tí ẹni náà ti lọ. Ìyanu yẹn kò tíì tán lójú mi. Òun ló jẹ́ kí n lọ ra kọ̀ǹpútà ògbólógbòó nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo tú u palẹ̀, tí mo sì kọ́ ara mi títí tó fi gbọ́ tèmi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé ẹ̀rọ ló ba ayé jẹ́. Èmi kì í bá wọn sọ ọ́.

Láìpẹ́ yìí, mo fi wáyà so rẹ́kọ́dà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ohùn náà lè bọ́ sí ibi tí rọ́bà kò ti lè jẹ ẹ́ mọ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wá láti Upper Sakponba ní Benin, ó jókòó tì mí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dá mi lóhùn. Ohùn Màmá Ẹdẹ ń yọ lójú kọ̀ǹpútà bí òkè àti àfonífojì. Nígbà tó béèrè ara wa tó sì dákẹ́, ọmọ náà ní, "Grandma, who she dey wait for?"

"Àwa ni," mo ní.

A dé ibi àdúrà, mo dí àlàfo náà bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà nàka sí ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú kọ̀ǹpútà. "Make computer copy her voice, make e talk the one wey lost. E no hard."

Kò parọ́. Ẹ̀rọ lè ṣe é lónìí, ó sì wù mí láti rí bí yóò ṣe ṣe é. Mo ní, "A óò fi ohùn tèmi dán an wò. Ṣùgbọ́n fi ibí yìí sílẹ̀. Àyè tiwa ni."

Mo dá ohùn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo ti ń la ẹnu.

"Ọ̀nà tí ẹ gbà lọ..." Kẹ́.

"Òun náà," ni ọmọ náà wí, kí n tó gbé ahọ́n.

"...lẹ ó gbà bọ̀ wálé."

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohùn tó ń bá ẹrù wọkọ̀ nígbà tiwa, kí n tó gbé itọ́ mì ló ti dé etí gbogbo ẹbí. Ìdáhùn kì í sì í pa ìbéèrè rẹ́ mọ́. A lè fi gbogbo rẹ̀ pa mọ́. Inú mi dùn pé mo rí i. Mo yíjú láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà, mo sì rí i pé orí eékún ló wà. N kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀.