Ìbéèrè tí Wọ́n Bi Mátírọ́ọ̀nù

Ogójì ọdún ni Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ fi gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ọmọdé á ṣì máa la ẹnu láti ké, abẹ́rẹ́ á ti jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé sú u. Ìdí nìyẹn tí alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àdúgbò ò fi bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà láti kó ipa Mátírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ní ọsibítù àtijọ́ ìlú náà.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìtàn ìlú. Ẹnì kan á múra bí olókìkí ìlú kan tó ti kú, á sọ ìtàn ayé rẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni, àwọn èèyàn á sì bi í léèrè ohun tó bá wù wọ́n.

Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà líle. Ó sọ bí Mátírọ́ọ̀nù ṣe máa ń yẹ èékánná àwọn agbẹ̀bí wò láràárọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti ọdún àjàkálẹ̀ àrùn, pé Mátírọ́ọ̀nù ti ìlẹ̀kùn wọ́ọ̀dù pa kí àrùn má bàa ràn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà kan dìde lẹ́yìn, ọmọbìnrin rẹ̀ dì í lápá mú.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá mi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń pè mí. Kí ló dé tẹ́ ò jẹ́ kí n rí i, kódà lójú fèrèsé?"

Ìdáhùn yẹn ò sí nínú ìwé tí wọ́n kọ fún Nọ́ọ̀sì. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀. Èmi tí mo kàn ń ṣe é..."

"Ìwọ kọ́ ni mo bi léèrè. Dé fìlà ẹ padà."

Ó dé e. Ó wá sọ̀rọ̀ bíi Mátírọ́ọ̀nù:

"Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Dárí jì mí."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ìyá àgbà bú sẹ́kún. Kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì, ó ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé Mátírọ́ọ̀nù tọrọ àforíjì.

"Ẹ gbayì, Nọ́ọ̀sì!" ni alábòójútó wí. "Ẹ tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Sátidé."

Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè. Ẹ̀rù kẹ̀? Ta ló sọ fún un? Bóyá òfin ni. Bóyá àánú ni. Ó sì lè jẹ́ pé ọkàn obìnrin náà le bí òkúta. Ó ti fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu, òkú ò sì lè jiyàn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wá ìyá àgbà lọ sílé, ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Mà, èmi ni mo hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí nínú ìwé kankan."

"Ṣé o rò pé mo ti ń ṣarán ni? Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni Mátírọ́ọ̀nù." Ó tún ká aṣọ kan. "Ṣùgbọ́n mo ti gbà á. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sùn gbádùn. O ò bá ti fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín ni, mà."

"Ara ẹ lo wá wẹ̀ mọ́ níbí. Máa lọ."

Ní Sátidé, Nọ́ọ̀sì ò múra. Aṣọ ara rẹ̀ ló wọ̀ dúró níwájú èrò, ó sì sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lọ́kàn Mátírọ́ọ̀nù lọ́dún náà. Àwọn kan kùn. Alábòójútó dojú kọlẹ̀. Láti ilé ìyá àgbà, ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ló wá, kò sì kí Nọ́ọ̀sì nígbà tó ń jáde.