Páànù Ilé Tí Bàbá Mi Kò Gbé

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé ilé làbọ̀ sinmi oko, mo máa bi í pé ilé ta ni. Mo ti gbọ́ òwe yẹn títí etí mi fi kún. Òun ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ní Moshie Zongo, ní Kumasi, òun náà ló sì kù díẹ̀ kó sọ bàbá mi di ẹni tí kò ní ibi tí yóò forí lé lọ́jọ́ alẹ́.

Tìmùtìmù ni bàbá mi ń rán. Òwú àràbà ló ń kì sínú rẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ náà fún bí ogójì ọdún nínú agboolé tí a háyà, títí eruku òwú fi kún àyà rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, dókítà ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òwú mọ́. Láàrin oṣù yẹn kan náà ni onílé wa kú. Lọ́dọ̀ àwọn Àṣáńtì, ọmọ kọ́ ló ń jogún bàbá, ọmọ arábìnrin olóògbé ni. Àwọn ọmọ onílé tí wọ́n mọ̀ wá láti kékeré ò ní àṣẹ kankan lórí ilé náà. Ọkùnrin kan tí a ò rí rí ló wá dúró láàrin agboolé, tó ní, “Agya, yɛpɛ yɛn dan.” Àwọn fẹ́ ilé àwọn. Oṣù mẹ́ta ló fún wa.

Inú bí mi sí ọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n bàbá mi gan-an ló bí mi nínú jù. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, onílé wa tó kú yìí kan náà ló mú un lọ sí Tafo, nínú Kumasi níbẹ̀, tó fi ilẹ̀ kan hàn án, tó ní kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi dúpẹ́, ó sì kọ̀. Ó ní àlejò ni òun, òun ń kọ́lé lọ́wọ́ nílùú òun. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe, àwọn àgbà Yorùbá tó wà ní Kumasi láyé ìgbà náà. Wọ́n á háyà yàrá tí òjò ń jò sí wọn lórí, wọ́n á máa fi páànù àti ìṣó ránṣẹ́ sí ilé tí wọn ò sùn rí. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ní Kumasi, wọ́n á ní ó ti sọnù sájò. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, tí mo ń kọ́ ọmọ níwèé ní àdúgbò Dichemso, tí mo ń fi Twi lá àlá, àlejò náà ni wọ́n ń pè mí.

Yàrá kan péré ni èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa ní ní Dichemso, àwọn onílé tó kù níbẹ̀ sì ń pe owó bí ẹni pé wúrà ni wọ́n fi kun ògiri. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ìlú wa dé láti mọ́sálásí.

“Bàbá, kí lẹ tún ń wá kiri?” ni olórí wọn wí. “Ẹ nílé tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ́. Ẹ ò ní san pɛsewa kan. Ẹ máa lọ sinmi, walahi!”

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti lọ sinmi.

Èmi àti bàbá mi gbéra. A kọjá bọ́dà mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàbá wú. Ilé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dúró dáadáa. Àmọ́ àbúrò bàbá mi, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn àtàwọn àna wọn ti kún un dé ẹnu ọ̀nà. Nínú yàrá tí bàbá mi ti sọ pé òun yóò máa sùn, ẹ̀rọ ìlọta ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń pariwo níbẹ̀. Wọ́n yọ̀ mọ́ wa, wọ́n pa adìẹ. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Bàbá Gáná, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín nígbàkigbà tó bá ní “aane” dípò bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a jẹun tán, àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn. Ọjọ́ wo lẹ máa padà?”

Mo la ẹnu. Bàbá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo ní, “Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ wọlé yín!”

“Ta ni kí n lé? Àwọn ọmọ wọ̀nyí? Níbo ni kí wọ́n lọ?”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, níbo lẹ máa lọ?”

Ó kọjú sí ògiri, ó sùn. Lọ́jọ́ kẹrin a padà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo sì jókòó sí, jìnnà sí i, títí a fi dé Lomé.

Tafo náà la padà rí yàrá sí, lọ́dọ̀ opó kan tó ń ta ìgbá. Kànga wà níbẹ̀, mọ́sálásí ò jìnnà, ohun tí àwa ọmọ ń dá jọ sì ká owó ilé náà. Ilẹ̀ tó kọ̀ nígbà kan wà lójú ọ̀nà mọ́sálásí. Ẹnì kan ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń kí onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Èmi ni mo ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ tún wá kí i.

“Bàbá, ìgbà wo lẹ ń lọ sílé?”

“Mewɔ fie,” ni bàbá mi fi Twi dá wọn lóhùn. “Mo wà nílé.”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó ti yé e wàyí, mo rò bẹ́ẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí lẹ́tà àbúrò rẹ̀ fi dé: òjò ti ń jò sórí ẹ̀rọ ìlọta. Bàbá mi pè mí, ó ní kí n bá òun ra páànù mẹ́rin, pé ẹnì kan ń lọ sílé.

“Ilé ta ni?” Mo pariwo débi tí opó onílé fi yọjú.

“Ilé mi ni,” ó wí, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé lọ́rọ̀. “Ilé mi ò gbọdọ̀ máa jò.”

Mo bínú jáde. Nínú ọkọ̀ èrò trotro, mò ń dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè, àwọn èèyàn ń wò mí. Inú ṣì ń bí mi nígbà tí mo dé ọjà. Mẹ́fà ni mo rà.