Ṣòkòtò Tí Wọ́n Dá Padà Láti Ọ̀yọ́

Àwọn ológun ti àbúrò mi mọ́lé láìgbé e dé kóòtù, wọ́n sì gbé e kúrò níbi tí a mọ̀ láìsọ fún ìyá tó bí i.

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé òun ni olórí ẹgbẹ́ tó ń sọ ní gbangba l'Ógbòómọ̀ṣọ́ pé kí ṣọ́jà padà sí bárékè, kí aráàlú dìbò. Kò jalè, kò pààyàn. Àlùwàlá Ásárì ló ń ṣe nílé wa nítòsí Takie nígbà tí wọ́n dé. Ẹsẹ̀ kan ló tíì fọ̀ kí wọ́n tó tì í sínú ọkọ̀.

Àtìmọ́lé kan l'Ọ́yọ̀ọ́ ni wọ́n ní ó wà. Wọn ò jẹ́ ká rí i. Gbogbo Sátidé lèmi àti ìyá wa ń gbé oúnjẹ àti aṣọ mímọ́ dé géètì, tí wọ́dà á gbà á, tí á kó aṣọ ìdọ̀tí fún wa. Ó lé lọ́dún kan tá a ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà Iléyá, ìyá wa dín apá àgbò gbẹ fún un. Sátidé kejì, wọ́dà ń rẹ́rìn-ín:

"Màmá, ó ní kí n kí yín o. Ó ní ẹran yẹn dùn!"

Inú ìyá wa dùn títí a fi délé.

Èmi ni mò ń fọ aṣọ náà. Àbúrò mi ò ga. Èmi fúnra mi ni mo ká etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tí mo rán an. Nínú aṣọ tá a gbà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti tú u sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ tó gùn. Ó ń rùn fún sìgá. Àbúrò mi, tí èéfín ìdáná lásán ń mú wúkọ́!

Nígbà tá a padà lọ, ìyá wa ò gbé abọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ọmọ mi tún ga sí i lọ́dọ̀ yín ni?"

"Màmá, ẹ gbé oúnjẹ wá jàre, ẹ má fa wàhálà."

"Ẹ ní kó dáhùn láti inú lọ́hùn-ún. Ohùn ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

Wọ́dà kejì tó dúró ní géètì ni ò lè mú un mọ́ra. "Ẹ má bínú, Màmá. Ọkọ̀ ṣọ́jà ti gbé e lọ kó tó di Iléyá. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ."

"Ó ṣì wà láàyè?"

Wọ́dà àkọ́kọ́ ti géètì mọ́ wa.

Ìyá wa ti gbà pé ó kú. Àbúrò mi padà wálé nígbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ kan ò ríran mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ pàṣẹ, ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ ń gbádùn. Òfin wo lẹ fi mú un? Ibo lẹ gbé e lọ? Kí lẹ fi ṣe ojú rẹ̀? Èwo nínú yín ló mọ̀ pé ó wà láàyè, tó sì jẹ́ kí ìyá wa máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀? Ẹ dá wa lóhùn.