Àwọn Tó Ra Ìtìjú Bàbá Mi

Òórùn rọ́bà tuntun ló máa ń kún ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní ọjà Bouaké, ìlú kan lókè Abidjan, rọ́bà àti gírísì, àti díẹ̀ nínú lọ́fínńdà tí wọ́n máa ń fi para kí wọ́n tó lọ kírun. Táyà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n so rọ̀ láti òkè títí dé ibi tí orí àgbàlagbà ti lè kàn án, ṣéènì wà nínú páálí, àwọn aago kẹ̀kẹ́ kéékèèké sì wà lórí tábìlì iwájú, tí gbogbo ọmọ tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó dún. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ó ti pẹ́, kí wọ́n tó bí mi rárá. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti abúlé Languibonou wá tún kẹ̀kẹ́ ṣe kì í pe bàbá mi lórúkọ. "Anago oníkẹ̀kẹ́" ni wọ́n ń pè wọ́n, Anago ni Yorùbá lẹ́nu tiwọn, ohùn tí wọ́n sì fi ń pè é jọ ohùn tí èèyàn fi ń pe ẹbí.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ní bàbá, nítorí náà ó máa yé ọ pé olúkúlùkù wọn ló ní ohun kan tó fi ń yangàn. Ti bàbá mi kì í ṣe ọjà. Mọ́sáláṣí kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Broukro, àwa Yorùbá la pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ìmáàmù bá rìnrìn àjò tàbí tí ara wọn kò yá, bàbá mi ni wọ́n máa ń tì síwájú láti darí ìrun. Bàbá mi kì í fẹnu sọ ọ́ pé inú àwọn dùn sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa ṣíwájú, wọ́n á lọ aṣọ funfun wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì máa ka súrà kéékèèké sẹ́nu bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí wọ yàrá wọn, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Màmá wa ti di olóògbé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì wà ní Abidjan. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìṣirò ni mo kù sílé pẹ̀lú wọn. Wọn kò wo ojú mi.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe máa ń pe èmi ọmọbìnrin wọn, "ìtọ̀ ni."

Wọ́n rọra fi kún un. "Mi ò lè dá a dúró mọ́. Bí mo bá ṣe àlùwàlá tán, ó máa ń kán. Mi ò mọ̀ bóyá ìrun mi ń gbà. Mi ò tún mọ̀ bóyá ti àwọn tó ń kírun lẹ́yìn mi ń gbà."

Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, kì í ṣe nítorí àìsàn náà, nítorí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni. Mo ní a máa lọ rí dókítà. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n búra. "Èmi àti ìwọ nìkan. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ pàápàá kò gbọdọ̀ gbọ́." Mo búra.

Èèyàn dáadáa ni dókítà náà. Ó ní ohun kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin ló wú, ó ní ọjọ́ orí ló máa ń fà á, ó kọ oògùn, ó sì dá ọjọ́ tí a máa padà wá. Ṣùgbọ́n Faransé tó fi ṣàlàyé yára ju ohun tí mo lè túmọ̀ sí Yorùbá lọ, bí a sì ti délé ni ìbéèrè bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé wọ́n máa la ikùn àwọn ni? Mo mú fóònù mi láti wá ìdáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ìwé kan tí wọ́n fi àwòrán dókítà aláṣọ funfun sí lókè rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ni, ìbéèrè mẹ́wàá péré. Mo jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Mò ń kà á, mò ń túmọ̀ rẹ̀, wọ́n ń dáhùn, mò ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń jí tọ̀? Ṣé ó ń kán sí aṣọ? Èyí tó ṣe ìkẹsàn-án ní, "Ṣé ojú máa ń tì yín láti bá ẹlòmíràn sọ ọ́?" Bàbá mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi ni mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Níparí, ojú ìwé náà ní kí a kọ orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò àti nọ́ńbà kí èsì lè rí wa. Mo kọ gbogbo ti bàbá mi síbẹ̀. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà; mo tẹ ìyẹn náà láìkà á. Èmi tí mò ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi jà lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ka ìbéèrè dópin!

Láti ọjọ́ kejì ni fóònù mi ti yí padà. Bí mo bá ṣí fídíò bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀, bàbá arúgbó kan á kọ́kọ́ yọ, á gbé ìgò dání, á máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń ka ìròyìn, ṣòkòtò àwọn àgbàlagbà tí ń tọ̀ sára ni mo máa bá láàárín ọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan tó jókòó tì mí níléèwé yọjú wo fóònù mi, ó ní, "Madame, ṣé ẹ̀yin lẹ ń tọ̀ sílé ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìpolówó lásán ni, bí mo ṣe sọ fún ara mi nìyẹn. Ìgò àti ṣòkòtò ni mò ń rí. Mi ò ronú nípa àwọn tó ń rí mi.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbà méjì láti mọ́sáláṣí wa wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga gbọọrọ, wọ́n ń mu tíì. Etí bàbá mi kò gbọ́ran dáadáa mọ́, nítorí náà wọ́n máa ń jẹ́ kí fóònù wọn sọ̀rọ̀ síta ni. Ó dún, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ó ń dùn bí oyin. Júlà ló ń sọ, èdè tí kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú ọjà yẹn. Ó pe orúkọ bàbá mi ní kíkún.

"Àlájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Nípa ìtọ̀ yín tó ń kán sí aṣọ ni mo ṣe pè. A ní oògùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú, a máa dì í dáadáa, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ohun tó wà nínú páálí."

Bàbá mi ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ kó dákẹ́, wọn kò rí i. Obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo já fóònù gbà, mo pa á. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà tẹjú mọ́ inú ife tíì. Èkejì ní òun ti gbàgbé nǹkan sọ́dọ̀ ẹnì kan, ó sì dìde. Ẹnì kejì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó ku àwa méjì, bàbá mi wò mí. Wọn kò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra..."

"O ti búra lẹ́ẹ̀kan."

Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn aago kẹ̀kẹ́ tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

Bàbá mi kò lọ mọ́sáláṣí lọ́jọ́ yẹn. Wọn kò lọ lọ́jọ́ kejì. Inú yàrá ni wọ́n ti ń kírun. Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, wọ́n ní àwọn kò lọ. "Ta ni kí n tún lọ fi ara mi hàn?" Ní tèmi, inú ń bí mi. Mo pe nọ́ńbà yẹn padà, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra oògùn. Olóhùn oyin ní kí n wá gbà á ní àdúgbò N'Gattakro, ó sì júwe ibẹ̀ fún mi tayọ̀tayọ̀. Ọ̀sán Ọjọ́rú, tí a kì í ní kíláàsì, mo gun alùpùpù akérò, mo lọ.

Òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe irun ni. Yàrá kan ṣoṣo, fáànù tó ń yí láìmú afẹ́fẹ́ wá, páálí ìgò tí wọ́n tò dé àjà, àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n fi ẹ̀rọ bo etí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dá ohùn yẹn mọ̀ kí n tó rí ojú ẹni tó ni ín. Ọmọdé ni. Ì bá ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi.

"Ta ló sọ fún ọ pé bàbá mi ń tọ̀ sára?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo tún un bi, mo sì lu tábìlì débi pé àwọn méjì yòókù yọ ẹ̀rọ etí wọn.

"Tàǹtí, ẹ fara balẹ̀," ó ní. "Àwa kọ́ la wádìí wọn. A ra orúkọ ni."

"Ẹ ra orúkọ? Lọ́wọ́ ta ni?"

"Àwọn tó ń tà á ní Abidjan. Wọ́n á fi ránṣẹ́, àwa á máa pè."

Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Bóyá ẹ̀rù ló bà á, bóyá kò rí nǹkan tó burú níbẹ̀ ni. Mo rí bàbá mi. Ìlà kan ni wọ́n jẹ́, láàárín ọ̀pọ̀ ìlà: orúkọ, ọjọ́ orí, Broukro, nọ́ńbà, iye ìgbà tí wọ́n ń jí tọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ibì kan tí wọ́n kọ "ìtìjú" sí lókè lédè Faransé. Wọ́n kọ "bẹ́ẹ̀ ni" síwájú orúkọ bàbá mi, wọ́n sì fi àwọ̀ ewé kùn ún. Mo bi í pé kí ni wọ́n kùn ún fún. Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ná.

"Àwọn tí ojú ń tì la kọ́kọ́ máa ń pè," ó ní. "Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó rà."

Mo ti bínú rí láyé mi, ìwọ náà mọ̀ mí. Èyí yàtọ̀. Ẹnì kan jókòó síbì kan, orí rẹ̀ pé, ó ti jẹun, ó sì ronú jinlẹ̀ títí ó fi mọ̀ pé ìtìjú àgbàlagbà ṣe é tà. Ó wá fi ìtìjú náà ṣe ìbéèrè, ó to ìbéèrè náà sí ìkẹsàn-án, lẹ́yìn tí ọkàn èèyàn ti balẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó dáa ni. Mo ní kí ọmọbìnrin náà pa orúkọ bàbá mi rẹ́. Ó pa á rẹ́ lójú mi.

"Ó ti tán, Tàǹtí. Ṣùgbọ́n ti ibí nìkan ni mo lè pa rẹ́ o. Mi ò mọ iye àwọn tí wọ́n tún tà á fún."

Mo bú u, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu olùkọ́. Mo béèrè ọ̀gá wọn; ó ní orí fóònù nìkan làwọn ti ń gbúròó rẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú sí ọmọ yẹn, inú sì tún ń bí mi pé òun nìkan ni mo rí bínú sí.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó síwájú bàbá mi, mo ṣí ojú ìwé yẹn hàn wọ́n, mo ṣàlàyé bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ. Mo rò pé á yé wọn pé mi ò bá èèyàn kankan sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ mi dópin.

"Ta ló kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Nọ́ńbà mi ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. "Nígbà náà, ìwọ lo sọ ọ́."

Mo fẹ́ jiyàn. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe bákan náà, pé ẹ̀tàn ni, pé mo rò pé dókítà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdáhùn tó dé ẹnu mi ló ń dún bí àwáwí létí èmi fúnra mi.

Ìmáàmù fúnra wọn ló wá sílé wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní ẹ̀sìn fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Kó máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kó wá bá àwọn arákùnrin rẹ̀ tò sí ìlà ìrun. Wọn kò sọ̀rọ̀ nípa ipò iwájú, bàbá mi náà kò sì béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi gbà kí a padà sọ́dọ̀ dókítà. Oògùn ṣiṣẹ́. Kí ọyẹ́ tó dé, ìtọ̀ náà ti dúró. Àwọn ìpè kò dúró ní tiwọn, ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la, títí a fi pààrọ̀ nọ́ńbà tí gbogbo oníbàárà mọ̀. Nígbà tí ìmáàmù tún fẹ́ rìnrìn àjò, wọ́n ní kí bàbá mi bọ́ síwájú bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá mi kọ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí.

"Bí mo bá foríkanlẹ̀," ni wọ́n wí, "ẹ̀yìn aṣọ mi ni wọ́n á máa wò."

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kí ló wá tó bẹ́ẹ̀, ṣebí ẹnikẹ́ni kò kú, ṣebí bàbá ti gbádùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń tún iná ran inú mi. Ní báyìí, bí ilé ìtajà bá ní kí n kọ nọ́ńbà mi kí wọ́n tó ta ọṣẹ fún mi, mo máa ń fi ọṣẹ náà sílẹ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Madame, kí lẹ fẹ́ fi pamọ́?" Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ dá wọn lóhùn. Kò sí ẹ̀dá tí kò ní ohun kan tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ ọ́ fún, ẹni tó bá sì pàdánù ẹnì kan ṣoṣo yẹn kì í rí òmíràn fi rọ́pò.

Bàbá mi ti dárí jì mí. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́, wọn kì í sì í purọ́. A jọ ń jẹun, a jọ ń ṣeré. Ní oṣù tó kọjá, mo rí wọn tí wọ́n ń tiro, tí wọ́n di ògiri mú kí wọ́n tó lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo sáré lọ bá wọn, mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, irú ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín sí àlejò tó kí i lójú ọ̀nà.

"Kò sí nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Alihamudulilahi."