Àlùbọ́sà Tó Ń Fi Ohùn Mi Sọ̀rọ̀

Aṣọ ni mo ń rán ní Ugbowo, ní Benin, lẹ́bàá títì tó lọ sí Èkó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ọmọbìnrin mi náà ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún àṣekágbá, tí wọ́n ní kí kálukú gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ tí yóò fi hàn pé òun mọ ohun tí òun kọ́, mo rò pé yóò ṣe nǹkan fún ilé ìwòsàn tàbí báǹkì, kí èmi náà lè rí nǹkan sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ní géèmù lòun fẹ́ ṣe, àti pé ẹ̀fọ́ ni gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀fọ́ báwo?"

"Ilá ni ọ̀gá wọn, Mọ́mì. Small ilá báyìí. Knife dey pursue am."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, pijin ló fi ń dí àlàfo. Èdè Yorùbá ni mo fi tọ́ ọ, ṣùgbọ́n Benin la bí i sí, ó ń gbọ́ ọ, kì í sábà fi dá mi lóhùn.

Ó ṣàlàyé eré náà fún mi. Ilá kékeré kan jí ní ilé ìdáná, ó rí i pé wọ́n fẹ́ fi òun se ọbẹ̀. Ó mú ṣíbí ṣe idà, ó sá lọ sọ́jà láti tú àwọn ẹ̀fọ́ yòókù sílẹ̀. Kùkúńbà kan wà níbẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní lọ́yà. Tòmátì kan tó ti ń rà ló ń ta àṣírí wọn. Ọ̀tá tó burú jù ni Àlùbọ́sà, torí bó bá ti lanu báyìí, ẹkún ni fún gbogbo wọn, ta ló sì lè máa sunkún kó tún máa jà?

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Benin, tó mọ àwòrán yà, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ yìí ló ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ fún Àlùbọ́sà. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bí inú bá bí mi tí mo ń sọ Yorùbá, òun tí òun ò gbọ́ gan-an máa ń dìde dúró. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ń pariwo, ni wọ́n bá ní kí n wọ inú wọ́dúróòbù. Mo ti pa páúdà, mo sì ti wé gèlè mi aláwọ̀ èsè àlùkò, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni máa rí mi nínú òkùnkùn yẹn. Mo dúró láàárín kóòtù ọkọ mi, ọmọ mi na fóònù sí mi lẹ́nu, mo sì sọ ohun tí wọ́n kọ fún mi: "Ẹ̀yin ọmọ ilá, mo ti dé láti pa yín run." Bí ẹni ń ka ìkéde ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ni mo ṣe sọ ọ́.

"Mọ́mì, ẹ bínú."

"Ta ni kí n bínú sí?"

"Ilá."

"Kí ni ilá ṣe fún mi?"

A tún un sọ títí òógùn fi bò mí, kò sì yàtọ̀. Mo jáde, mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ se ọbẹ̀ tèmi.

Nígbà tí mo dé ilé ìdáná, mo bá ilá tí mo rà lọ́jà Uselu tí wọ́n tò sójú fèrèsé. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi ti ti igi ìṣáná bọ̀ wọ́n lára, ó fi ṣe ẹsẹ̀, ó sì fi báírò ya ojú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè rí ohun tó ń yà. Gbogbo wọn ń wò mí. Ẹnu mi là.

"Ta ló ti igi ìṣáná bọ ilá mi lẹ́sẹ̀? Ẹni tí mo ń fún lóúnjẹ ló ń fi oúnjẹ mi ṣeré! Ẹ ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, tojú tẹsẹ̀!"

Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi tẹ̀ lé mi, àti pé fóònù ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gba ohùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ wọn han àwọn olùkọ́, ọkọ mi, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ekiadolor, gba àyè níbi iṣẹ́, a sì jọ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ibà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ló kan tiwa. Ilá kékeré ń sáré lójú sikiríìnì ńlá. Ilẹ̀ mì. Àlùbọ́sà yí gbirigbiri wọlé, gèlè aláwọ̀ èsè àlùkò wà lórí rẹ̀, ó lanu: "Ta ló ti igi ìṣáná bọ ilá mi lẹ́sẹ̀?"

Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò wo ọ̀dọ̀ mi, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi náà kọjú síwájú bí àlejò.

Olùkọ́ àgbà kan béèrè ibi tí wọ́n ti rí òṣèré yìí. Ọmọ mi nawọ́ sí mi. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú padà. Mo dìde, mo tẹ orúnkún díẹ̀ kí wọn, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń ṣe níbẹ̀.

Olùkọ́ náà tún béèrè, láìrẹ́rìn-ín: "Báwo ni ilá ṣe máa wá ṣẹ́gun ìyá yìí?"

Ọmọ mi jẹ́wọ́ pé òun kò tíì rí òpin rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ wá a.

Nígbà tí a délé, mo lọ jókòó sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi gba láptọ́ọ̀pù láti ṣe géèmù náà, tí Àlùbọ́sà ń pa á ní àpatúnpa, ara mi kò gbà á mọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà kò lè borí ara mi. Bí mo bá ti sún mọ́ ọn, á ní "tojú tẹsẹ̀", màá sì kú. Ọmọ mi fara ti èjìká mi, ó ń darí mi: "Ẹ fò, Mọ́mì. Ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó bá yín sọ̀rọ̀." Mo ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti sọ Gẹ̀ẹ́sì kẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́, kó má baà rántí.

"Ìjà kọ́ ló máa gbà á," mo ní. "Fi ilá náà sílẹ̀ kó gbó. Bí ilá bá kó, ó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ."

Kò gbọ́ ọ rí. Mo ṣàlàyé fún un pé ilá tó bá kó ti le, ọ̀bẹ kò ràn án, kò sì sí ẹni tó ń fi í se ọbẹ̀ mọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí rẹ̀: ilá kékeré á sá wọ inú oko, á fara pamọ́ títí yóò fi kó, Àlùbọ́sà á wá gé e jẹ, eyín rẹ̀ á sì kán. Àwọn olùkọ́ gbà á, ó sì yege dáadáa.

Wọ́n ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Bí aṣọ oníbàárà kò bá tíì ṣetán, wọn kì í bá mi jà mọ́, wọ́n á kàn ní kí n fi ohùn Àlùbọ́sà bẹ̀ wọ́n.

Ọkọ mi ni kò jẹ́ kí ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sinmi, ó ní kí wọ́n wá ẹ̀fọ́ kan fún òun náà. Wọ́n fún un ní Ewúro, tó korò títí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbìyànjú rẹ̀ ní pálọ̀, ó di ojú, ó gbé ohùn sókè bí ẹni ń gbàdúrà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣe "Àmín" láìmọ̀. Ó bínú díẹ̀. Ó ní ìwà pẹ̀lẹ́ òun ló ń ṣàkóbá fún òun, kí wọ́n wo nǹkan tó rọrùn díẹ̀ fún òun, bíi kábéèjì.